Kí Nìdí Tí Ṣúgà Fi Gbọ́dọ̀ Wà Nínú Omi Iyọ̀? Ìtàn Sẹ́ẹ̀lì Tó Mọ Orí Rẹ̀ Yàtọ̀ sí Ìdí Rẹ̀

Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn lónìí, ẹ má bínú, ohun tí a sọ nínú ètò náà la kọ sílẹ̀ fún yín yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀ ni voice note kan tí ọ̀kan nínú yín fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Abiyamọ ni. Ọmọ rẹ̀, ọlọ́dún kan ààbọ̀, ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ kejì. Ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún un, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ nígbà tó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe wọlé báyìí, ó ní, "Ṣúgà kẹ̀? Fún ọmọ tí inú ń yọ lẹ́nu? Ṣé o fẹ́ kí jẹ̀díjẹ̀dí gbé e dè ni?" Màmá da omi náà nù. Wọ́n po òmíràn, iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i. Ìbéèrè obìnrin náà ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣúgà yẹn pọn dandan, àbí wọ́n kàn ń fi sí i kó lè dùn lẹ́nu ọmọ ni?"

Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní ó pọn dandan, ẹ tún un pò pẹ̀lú ṣúgà, ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ọmọ náà ti ń sáré kiri ilé báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò fi mí lọ́kàn sílẹ̀, torí ìdáhùn rẹ̀ jìn ju ohun tí ènìyàn lè fi voice note kan ṣàlàyé lọ. Ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ojú lásán ò lè rí, àti nínú ohun kan tí sẹ́ẹ̀lì náà mọ̀: ó mọ ibi tí orí rẹ̀ wà, ó sì mọ ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí omi tí ènìyàn lè mu tí yóò dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Onígbáméjì kì í ní sùúrù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè dà. Kọ́lẹ́rà ni àpẹẹrẹ tó le jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024 á rántí bí ìròyìn rẹ̀ ṣe gba orí fóònù gbogbo ènìyàn. Onígbáméjì ni àwọn baba wa ń pè é. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀, igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́.

Bí kọ́lẹ́rà bá mú àgbàlagbà gan-an, omi tó ń jáde lára rẹ̀ lè tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ẹ rò ó wò. Lítà kan ni pure water àpò méjì. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn ò ní rí ohun tó pọ̀ tó láti fún kiri ara, kíndìnrín á dáṣẹ́ sílẹ̀. Lára àwọn tí ó bá mú gidi tí wọn ò rí ìtọ́jú, ó lè pa tó ìdajì. Bí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú tó péye, kì í pa tó ẹnì kan nínú 100. Ìtọ́jú náà, lọ́dọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò ju omi, iyọ̀ àti ṣúgà lọ.

Omi nìkan ńkọ́? Kò tó. Omi àti iyọ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà kò tó. Àfi tí ṣúgà bá dá sí i. Ìdí rèé.

Ilé tó ní ojú, tó sì ní ẹ̀yìnkùlé

Ìfun kékeré wa gùn tó mítà mẹ́fà. Bí oúnjẹ àti omi bá wà nínú ihò ìfun, wọn ò tíì wọ ara ní ti gidi. Ẹ wò ó bí ọ̀nà márosẹ̀ tó gba àárín ìlú kọjá: mọ́tò tó wà lórí márosẹ̀ ò tíì wọ inú àdúgbò. Kó tó wọ àdúgbò, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu géètì.

Ẹnu géètì yẹn ni ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó tò sára ògiri ìfun. Ìpele kan péré ni o. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kọjú sí ihò ìfun níbi tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Ẹ̀gbẹ́ kejì kọjú sí inú ara, níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Lónìí, ẹ jẹ́ ká máa pe ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oúnjẹ ní orí sẹ́ẹ̀lì, ká máa pe ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ̀jẹ̀ ní ìdí sẹ́ẹ̀lì.

Orí àti ìdí yìí kò jọra rárá. Ní orí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun tín-ín-tín wà, bí irun búrọ́ọ̀ṣì, tó mú kí ibi tí oúnjẹ ti ń kan sẹ́ẹ̀lì fẹ̀ gan-an. Ní ìdí, kò sí irun bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà kàn jókòó lé ẹní pẹlẹbẹ kan tó ń gbé e ró. Àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní orí, wọn ò sí ní ìdí. Ẹ̀rọ tó wà ní ìdí, kò sí ní orí. Àwọn onímọ̀ ń pe irú ètò yìí ní polarity: kí ìhà kan nínú sẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí ìhà kejì, kí iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀.

Ilé tiwa náà kúkú rí bẹ́ẹ̀. Ojú ilé lálejò ń gbà wọlé. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń dáná. Ẹni tó bá gbé ààrò sí ẹnu ọ̀nà, tó gbé àga àlejò sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ilé, ṣùgbọ́n ilé náà ò ní ṣe é lò.

Ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ dá wọlé

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń fi orí àti ìdí yìí ṣe.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Jens Skou, onímọ̀ ará Denmark, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1957, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1997. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni pé kó máa ti sódíọ̀mù, ìyẹn apá kan nínú iyọ̀ tí à ń jẹ, jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì sí ìhà ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, á fa potásíọ̀mù méjì wọlé. Agbára ló ń ná láti ṣe é, bíi jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo.

Nítorí ẹ̀rọ yìí, sódíọ̀mù kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wà nínú ihò ìfun wá ń fẹ́ wọlé kíkankíkan, bí èrò tó ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ṣófo. Sẹ́ẹ̀lì kì í kàn ṣílẹ̀kùn fún un lásán. Ó ń lo ìtara rẹ̀ láti fi ṣòwò.

Ilẹ̀kùn kan wà ní orí tí wọ́n ń pè ní SGLT1. Òfin ilẹ̀kùn yìí ni pé sódíọ̀mù ò gbọdọ̀ dá wọlé. Sódíọ̀mù méjì àti gúlúkóòsì kan ló gbọ́dọ̀ jọ wọlé pọ̀. Gúlúkóòsì ni ìdajì ṣúgà inú ilé. Bí ṣúgà bá dé ìfun, ara á là á sí méjì, ọ̀kan á jẹ́ gúlúkóòsì. Bí sódíọ̀mù bá dé láìsí gúlúkóòsì, ilẹ̀kùn yìí ò ní gbé e wọlé. Bí gúlúkóòsì bá dé láìsí sódíọ̀mù, bákan náà. Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, ló gbé èrò yìí kalẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ìlú Prague ní 1960.

Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, ẹ̀rọ ìdí á ti sódíọ̀mù jáde sí ìhà ẹ̀jẹ̀, gúlúkóòsì á gba ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní ìdí lọ bá ẹ̀jẹ̀. Omi ńkọ́? Omi kì í dá rìn. Ibi tí iyọ̀ àti ṣúgà bá lọ lòun náà ń tẹ̀lé wọn lọ. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ sí ẹ̀bá rí ẹ̀fọ́ tàbí kùkúḿbà tó gé, ó ti rí i bí omi ṣe ń jáde tẹ̀lé iyọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán nǹkan wò lọ́kàn wa. Ká ní ẹ̀rọ yẹn wà ní orí, tó tún wà ní ìdí. Bí ó ṣe ń ti sódíọ̀mù jáde sí ìhà ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa tì í padà sínú ihò ìfun. Sẹ́ẹ̀lì á máa ná agbára, iyọ̀ á máa wọlé, á máa jáde, omi ò ní lọ síbì kankan. Ẹ̀rọ kan náà ni, ilẹ̀kùn kan náà ni. Ibi tí a gbé wọn sí ló yàtọ̀. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì ní nìkan ló ń gbà wá là. Ibi tó gbé e sí náà wà níbẹ̀.

Ohun tí kọ́lẹ́rà bà jẹ́, àti ohun tí kò bà jẹ́

Kòkòrò kọ́lẹ́rà kì í jẹ ìfun ní ìjẹkújẹ. Oró ló ń tú jáde. Sambhu Nath De, onímọ̀ ará Íńdíà, ló fi hàn ní Kolkata ní 1959, nígbà tó lo ìfun ehoro fún ìwádìí, pé oró yìí ló ń fa wàhálà.

Oró náà á gba orí sẹ́ẹ̀lì wọlé, á sì gán swíìṣì kan mọ́lẹ̀ kó má lè kú mọ́. Nǹkan méjì á ṣẹlẹ̀. Èkíní, ilẹ̀kùn kan ní orí, tó ń jẹ́ kí kílóráìdì, apá kejì nínú iyọ̀, jáde sínú ihò ìfun, á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kílóráìdì á máa dà jáde, sódíọ̀mù á tẹ̀lé e, omi á tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Omi yẹn ni ìgbẹ́ tó ń dà bí omi ìrẹsì. Èkejì, ilẹ̀kùn mìíràn ní orí, èyí tí iyọ̀ máa ń gbà wọlé láìsí ṣúgà, á tì.

Ṣé ẹ ti rí i? Ìdí nìyẹn tí omi iyọ̀ lásán kò fi gba ẹni tí kọ́lẹ́rà mú. Ilẹ̀kùn tí iyọ̀ ìbá dá gbà ti tì.

Ṣùgbọ́n oró yìí kì í kan SGLT1. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìdí ṣì ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ṣì mọ orí rẹ̀, ó ṣì mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá mú iyọ̀ wá pẹ̀lú ṣúgà, á gbé wọn wọlé, omi á tẹ̀lé wọn. Omi tó ń jáde ò tíì dúró o; ìgbẹ́ lè máa lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé ń dí àlàfo èyí tó ń jáde, ọmọ ò sì ní gbẹ títí ara fi máa borí àrùn náà.

Ti ìgbẹ́ gbuuru tí kì í ṣe kọ́lẹ́rà, bí irú èyí tí fáírọ́ọ̀sì rótà ń fà fún àwọn ọmọdé, náà nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì náà ń pa lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́ kù sábà máa ń pọ̀ tó láti gba omi wọlé.

Ta ló sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé orí rẹ̀ nìyí?

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Sẹ́ẹ̀lì ìfun kì í pẹ́ láyé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti ré kúrò, àwọn tuntun á ti rọ́pò wọn. Ìfun tí ẹ fi ń jẹun lónìí, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tuntun yìí ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orí rẹ̀ máa wà. Kò ní ojú, kò ní ọpọlọ. Báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ó ń fọwọ́ tálẹ̀. Ibi tó bá ti kan ẹní tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ pé ìdí nìyẹn. Ibi tó bá ti kan aládùúgbò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ibi tí kò bá kan ohunkóhun, orí nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti rí èyí nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti kíndìnrín ajá ní 1958, tí wọ́n ṣì ń tọ́ nínú yàrá ìwádìí títí dòní. Bí wọ́n bá fi sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú ohun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ jẹ́lì, á pọ̀ sí i, á di bọ́ọ̀lù kékeré tó ní ihò nínú. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà á kọ orí sí ihò àárín, wọ́n á kọ ìdí síta. Ẹnikẹ́ni ò tò wọ́n.

Ohun kejì ni àwọn ẹ̀ṣọ́. Ní 1988, Kenneth Kemphues ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣèwádìí aràn tín-ín-rín kan tó ń gbé nínú ilẹ̀, tí kò gùn ju mìlímítà kan lọ. Ẹyin aràn yìí máa ń pín sí méjì tí kò dọ́gba: sẹ́ẹ̀lì ńlá níwájú, kékeré lẹ́yìn. Wọ́n rí àwọn aràn kan tí jíìnì wọn ti bà jẹ́, ẹyin wọn wá ń pín dọ́gba-dọ́gba, ọmọ inú ẹyin ò sì lè dàgbà. Wọ́n pe àwọn jíìnì náà ní PAR. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àwọn PAR yìí tàbí ìbátan wọn wà lára eṣinṣin, wọ́n wà lára ajá, wọ́n sì wà nínú ìfun èmi àti ẹ̀yin.

Iṣẹ́ wọn dà bí ti àwọn agbèrò ní páàkì. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ kan gba orí, ẹgbẹ́ kejì gba ìdí àti ẹ̀gbẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ ìdí bá ṣìnà dé orí, àwọn ará orí á fi àmì kan lẹ̀ ẹ́ lára, àmì yẹn á mú kó já kúrò lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Bí ará orí bá ṣìnà dé ìdí, wọ́n á ṣe é bákan náà. Kò sí ọ̀gá kan tó dúró láàárín tó ń pàṣẹ. Lílé tí wọ́n ń lé ara wọn yìí ló ń ṣe ààlà. Ìyàtọ̀ díẹ̀ tí fífọwọ́ tálẹ̀ kọ́kọ́ mú wá, àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá, tí wọn ò sì ní jẹ́ kó pa rẹ́.

Ohun kẹta ni fẹ́ǹsì. Awọ sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tó le bíi páálí. Ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ bí epo, ohun tó wà lórí rẹ̀ sì lè yọ̀ kúrò láyè rẹ̀. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan rán ara rẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ yíká, nítòsí orí, bí ìgbà tí télọ̀ bá rán etí aṣọ méjì pọ̀. Ojú ìrán yìí kì í jẹ́ kí ohun orí àti ohun ìdí dà pọ̀. Kì í sì í jẹ́ kí ohun inú ìfun ṣàdédé gba àárín sẹ́ẹ̀lì méjì wọ ara.

Ohun kẹrin ni àwọn tó ń gbé ẹrù. Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ṣe ọ̀kan tán, á ti ní àdírẹ́sì lára: èyí ń lọ orí, èyí ń lọ ìdí. Wọ́n á dì í sínú àpò kékeré, purotéènì kan á gbé àpò náà lórí ojú ọ̀nà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra ọjà lórí fóònù, ẹ mọ iṣẹ́ àwọn dispatch dáadáa. Ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí àdírẹ́sì bá ṣì.

Bí ẹrù bá ṣìnà

Nínú sẹ́ẹ̀lì, bí ẹrù bá ṣìnà, ọmọ ìkókó ló máa ń jìyà rẹ̀.

Àrùn kan wà tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Láti ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá ti bí ọmọ náà ni yóò ti máa ya omi gbuuru tí kò dúró. Kì í ṣe kòkòrò ló fà á. Ní 2008, àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ MYO5B ló bà jẹ́ lára ọ̀pọ̀ wọn. Purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe wà lára àwọn tó ń gbé ẹrù lọ sí orí sẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, irun tín-ín-tín orí á gé kúrú, àwọn mìíràn á há sínú sẹ́ẹ̀lì níbi tí wọn ò ti wúlò. Ilẹ̀kùn wà o, ṣùgbọ́n inú ilé ló wà, kò dé ẹnu ọ̀nà. Ojú iṣan ni wọ́n ti ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ mìíràn, tí wọ́n ṣọ̀wọ́n bákan náà, ni wọ́n bí pẹ̀lú SGLT1 tí kò ṣiṣẹ́. Fún àwọn yẹn, omi iyọ̀ àti ṣúgà á tún dá kún ìgbẹ́ ni, torí ṣúgà tí kò rí ọ̀nà wọlé á máa fa omi mọ́ra nínú ìfun. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé ilẹ̀kùn yìí ni gbogbo ìtọ́jú náà dúró lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan jẹjẹrẹ náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ jẹjẹrẹ àgbàlagbà ló ń bẹ̀rẹ̀ nínú irú sẹ́ẹ̀lì tó ń bo ojú ẹ̀yà ara, bíi ti ìfun, ọmú àti ẹ̀dọ̀fóró. Lára ohun tí dókítà ń wò nínú maikirosíkópù ni bóyá sẹ́ẹ̀lì ṣì tò létòletò, bóyá ó ṣì mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Sẹ́ẹ̀lì tí kò mọ ààyè rẹ̀ mọ́ lè fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ.

Láti yàrá ìwádìí dé àgọ́ àwọn tí ogun lé

Ní 1971, nígbà ogun tó bí orílẹ̀-èdè Bangladesh, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ Íńdíà. Kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ní àgọ́ kan ní Bongaon, omi tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lójú iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà kan tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis wá ní kí wọ́n po iyọ̀, gúlúkóòsì àti sódà tí a fi ń yan búrẹ́dì sínú omi, kí àwọn ẹbí máa fi ife bu ú fún àwọn aláìsàn wọn. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà pé ohun mímu lásán lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ikú tó ń pa nǹkan bí 30 nínú 100 wá sílẹ̀, kò pé 4 nínú 100.

Ní 1978, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ pé sódíọ̀mù àti gúlúkóòsì jọ ń wọlé nínú ìfun, tí omi sì ń tẹ̀lé wọn, jẹ́ ìlọsíwájú tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣègùn ní ọ̀rúndún náà. Ẹ wo ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì lónìí. Láti 2002 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí òṣùwọ̀n tuntun rẹ̀, iye sódíọ̀mù àti iye gúlúkóòsì inú rẹ̀ sì dọ́gba: 75 sí 75. Ẹni tó gbọ́ ètò yìí ti mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn orí sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Màmá ò jẹ̀bi tán

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Ẹ má bú màmá o. Ohun tí màmá ń bẹ̀rù ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Bí ṣúgà bá pọ̀ ju iye tí ilẹ̀kùn lè gbà lọ, èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìfun á máa fa omi mọ́ra, ìgbẹ́ á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí míńírà kò fi dára fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru: ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù, iyọ̀ inú rẹ̀ sì kéré jù. Ibi tí màmá ti ṣì í ni yíyọ tó yọ ṣúgà kúrò pátápátá. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹ bá rí ORS rà, òun ló dára jù. Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa, torí omi tí wọ́n ń pò ó mọ́ kò dọ́gba. Àwọn kan jẹ́ ti lítà kan, àwọn mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ wá omi tó mọ́, lítà kan. Bí ẹ bá sè é, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì bu ṣúgà mẹ́fà sí i, kó kún dé etí ṣíbí, kó má ga bí òkìtì. Ẹ bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà sí i. Ẹ rò ó pọ̀ títí yóò fi yòrò. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá ní iyọ̀ jù, ẹ dà á nù, torí iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Bí ó bá di wákàtí 24, ẹ da èyí tó kù nù, kí ẹ po òmíràn.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè mu mìlílítà 50 sí 100; èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè mu 100 sí 200. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ má fi oúnjẹ dù ú. Ẹ béèrè oògùn zinc fún ọmọdé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n máa ń lò ó.

Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń sùn tí kò fẹ́ jí, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí ìgbẹ́ náà bá ń dà bí omi tí kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ máa fún un ní omi náà mu lójú ọ̀nà.

Obìnrin tó fi voice note ránṣẹ́ sí wa sọ pé òun ti ṣàlàyé fún màmá. Ó ní òun ò mẹ́nu kan SGLT1 rárá. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin mi, iyọ̀ ò lè dá wọlé, ṣúgà ló ń mú un lọ́wọ́ dání wọlé, omi ló ń tẹ̀lé àwọn méjèèjì." Màmá ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Wọn ò ṣàlàyé ẹ̀ fún wa báyìí rí." Màmá fúnra rẹ̀ ló fi ṣíbí bu ọmọ lómi mu títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibi tí a máa fi mọ sí lónìí nìyẹn. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sórí group ẹbí yín, pàápàá èyí tí àwọn màmá wà. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, voice note yín ni mò ń retí. Ó dìgbà kan ná.